Ìwé Ìdánwò Agbára Ara Tí A Yí Padà Láàrin Àwọn Ọmọ Ogun: Ohun Tí Olóòótọ́ Ènìyàn Gbọ́dọ̀ Ṣe

Ijoku jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú 13 tí ó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Ogun ìgbà náà àti ìbẹ̀rù ogun ni ó kó wọn jọ sí ojú kan, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ti rí i pé òun nìkan kò lè dá ara òun gbà. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí kò bá sí òtítọ́ nínú rẹ̀. Bí ìlú kan bá ní òun ní ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tí ó lè jà, tí ó sì jẹ́ pé ogójì nínú wọn kò lè rìn dé ẹnubodè, kì í ṣe ìlú náà nìkan ni yóò jìyà irọ́ yìí. Gbogbo àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé iye náà ni ikú yóò bá lójijì.

Lónìí, àwọn ọmọ ilẹ̀ Rẹ́mọ wà nínú aṣọ ológun nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn kan gba ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná kọjá, àwọn mìíràn gba ibùdó ìkọ́ni ní Saria. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì sínú iṣẹ́ ogun rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI, èyí tí ó gba àwọn àjèjì wọlé láàrin ọdún 2009 sí 2016 nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, ka èdè Yorùbá, Haúsá àti Ígbò mọ́ èdè tí ó wúlò fún ogun wọn. Nítorí náà, kò yẹ kí ó ya àlùfáà tàbí òbí lẹ́nu bí ọmọ rẹ̀ bá pè é lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ó sì wí pé: "Wọ́n ní kí n kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Kí ni kí n ṣe?"

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ìdánwò náà jẹ́, bí irọ́ ṣe ń wọ inú ìwé rẹ̀, ìdí tí ó fi ń wọ ibẹ̀, ẹni tí ó ń san gbèsè rẹ̀, àti ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ láti gbé.

ÌDÁNWÒ NÁÀ ÀTI ÌWÉ RẸ̀

Kò sí ilé-iṣẹ́ ológun kan tí kò ní ọ̀nà tí ó ń gbà wò ó bóyá ara ọmọ ogun rẹ̀ ṣì le. Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlànà wọn wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Láti ọdún 1980, fún nǹkan bí ogójì ọdún, ohun mẹ́ta ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn ń ṣe: press-up fún ìṣẹ́jú 2, dídìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, àti eré sísá fún máìlì 2. Ọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin 17 sí 21 gbọ́dọ̀ ṣe press-up 42, kí ó dìde jókòó nígbà 53, kí ó sì parí eré máìlì 2 láàrin ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54, kí ó tó lè gba máàkì 60 nínú 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 60 yìí ni ààlà láàrin yíyege àti kíkùnà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìdánwò mìíràn tí ó ní ẹ̀ka mẹ́fà gba ipò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n tún fi èyí tí ó ní ẹ̀ka márùn-ún rọ́pò rẹ̀: gbígbé irin wúwo nílẹ̀, press-up, eré tí a fi ń fa ẹrù tí a sì ń gbé ẹrù, dídúró gbọnrangandan lórí ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti eré máìlì 2.

Bí ìdánwò ti ń lọ, ẹnì kan dúró ti ọmọ ogun náà, ó ń ka iye tí ó ṣe, ó ń wo aago, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́ọ̀mù DA 705 ni orúkọ ìwé náà. Ẹni tí ó kà á ń fi ọwọ́ sí i, ọ̀gá tí ó ń bójú tó ìdánwò náà sì ń fi ọwọ́ sí i. Ìwé pélébé kan ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀la ènìyàn wà nínú rẹ̀. Máàkì tí ó wà níbẹ̀ wà lára ohun tí a fi ń díwọ̀n ìgbéga. Ẹni tí ó bá kùnà kì í rí ìgbéga gbà, a kì í sì í rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá títí yóò fi yege. Ẹni tí ó bá ń kùnà léraléra lè pàdánù iṣẹ́ náà. Ibi tí ìwé kékeré bá ti lè fún ni ní oúnjẹ tàbí kí ó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni, ibẹ̀ ni ìdánwò ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

BÍ IRỌ́ ṢE Ń WỌ INÚ ÌWÉ

Irọ́ inú ìwé yìí kì í wọlé pẹ̀lú ariwo. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni ti àánú: ẹni tí ń ka iye náà ti rí i pé ọ̀rẹ́ òun dúró lórí 39, ó sì kọ 42. Ọ̀nà kejì ni ti aago: ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ di ìṣẹ́jú 15 àti àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀nà kẹta burú ju méjèèjì lọ: a kò ṣe ìdánwò kankan rárá, ṣùgbọ́n a mú ìwé ti ọdún tí ó kọjá, a sì fi déètì tuntun sí i. Ọ̀nà kẹrin ni kí ẹlòmíràn sáré ní orúkọ ẹni tí kò lè sáré. Ọ̀nà karùn-ún ni kí ọmọ ogun fi àìsàn tàbí ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ó má bàa pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà ka sí irọ́. Òun ni kí ọ̀gá tí ó bínú sí ọmọ ogun kan gé nínú iye tí ó ṣe, kí ó lè kùnà. Jíjí máàkì ẹni gbà àti bíbu máàkì tí kì í ṣe ti ẹni fún un, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òṣùwọ̀n èké ni méjèèjì. Ìwé Diutarónómì orí 25 kò sì yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí ó kọ̀ fún oníṣòwò láti ní ìwọ̀n ńlá àti ìwọ̀n kékeré nínú àpò kan náà.

Níwájú òfin, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nínú òfin ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, apá 107 ni ó sọ̀rọ̀ nípa gbólóhùn èké lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìjìyà rẹ̀ sì lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 5, pẹ̀lú lílé ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́ ní ọ̀nà ìtìjú àti gígba gbogbo owó oṣù rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ilé ẹjọ́ ológun lè dá ọmọ ogun lẹ́jọ́ nítorí ìwé èké, Òfin Ìwà Ọ̀daràn sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sí ṣíṣe ìwé ayédèrú, àyàfi ibi tí òfin bá ti yan ìjìyà mìíràn fún irú ìwé kan pàtó.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN RERE FI Ń ṢE É

Ó rọrùn láti sọ pé àwọn ènìyàn burúkú ni ó ń yí ìwé padà. Òtítọ́ tí ó dun ni ni pé àwọn tí ó ń ṣe é pọ̀ nínú àwọn tí a lè fi ilé wa sílẹ̀ fún. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, àwọn olùkọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Leonard Wong àti Stephen Gerras, gbé ìwádìí kan jáde lórí irọ́ pípa láàrin àwọn ọ̀gá ológun. Ohun tí wọ́n rí ni pé àṣẹ tí ń wá láti òkè ti pọ̀ ju àkókò tí ó wà lọ. Ìwádìí mìíràn tí Wong ti ṣe ní ọdún 2002 ti fi hàn pé iṣẹ́ tí a kàn nípá fún ọ̀gá ẹgbẹ́ ogun láàrin ọdún kan tó iṣẹ́ ọjọ́ 297, nígbà tí ọjọ́ tí ó ní fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ju 256 lọ. Bí a kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, tí a kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé a kò ṣe é, kí ni ó kù? Kálámù ni ó kù. Àwọn olùwádìí náà wí pé bí ó ti ń pẹ́, ọkàn àwọn ọ̀gá náà kú sí ọ̀ràn yìí, wọ́n ń fọwọ́ sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ṣì ń ka ara wọn sí olóòótọ́.

Àpẹẹrẹ kejì tilẹ̀ tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, a gbọ́ pé àwọn ọ̀gá tí ń ṣọ́ ohun ìjà átọ́míìkì ní ibùdó ọmọ ogun òfuurufú Malmstrom ní ìpínlẹ̀ Montana ti ń fún ara wọn ní ìdáhùn ìdánwò oṣooṣù wọn. Iye àwọn tí ọ̀ràn náà kàn tó 92. Máàkì 90 nínú 100 ti tó láti yege, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè yege láìjí ohunkóhun wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà pé ẹni tí kò bá gba 100 kò ní rí ìgbéga. Ìbẹ̀rù ìgbéga ni ó sọ wọ́n di olè, kì í ṣe àìmọ̀wé. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún náà, a yọ ọ̀gá mẹ́sàn-án kúrò ní ipò àṣẹ, ọ̀gá àgbà ibùdó náà sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni kí a fiyè sí: wọ́n yí ìdánwò náà padà kí ó jẹ́ yíyege tàbí kíkùnà nìkan, kí máàkì má tún jẹ́ òòṣà tí a ń bọ. Ẹni tí yóò bá tú irọ́ fà tu gbọ́dọ̀ wo gbòǹgbò tí ó mú un hù.

Èyí kò dá ẹni tí ó pa irọ́ láre. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn tí ó ń pàṣẹ pé ẹni tí ó béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, tí kò sì fẹ́ gbọ́ "kò ṣeé ṣe", ti fi owó ra irọ́ kí irọ́ tó dé ọjà.

TA NI Ó Ń SAN GBÈSÈ RẸ̀?

Ẹni tí ó kọ́kọ́ san án ni ẹni tí a rò pé a ṣàánú fún. Ara rẹ̀ kò mọ ohun tí a kọ sínú ìwé. Bí wọ́n bá rán an lọ sí ibi tí oòrùn ti mú ganrínganrín, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ara tí kò tíì múra sílẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà títí yóò fi pa á. Ìwé tí ó wí pé ara rẹ̀ le kò ní mú un tutù. Ẹnì kejì ni ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìbọn bá ba ọmọ ogun kan, ẹlòmíràn ni yóò fà á jáde, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń dán fífa ẹrù àti gbígbé ẹrù wò. Bí agbára náà bá jẹ́ ti ìwé nìkan, ẹni tí ó ṣubú yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kẹta ni ọmọ ogun tí ó jí ní agogo mẹ́rin òru láti sáré, tí ó kùnà pẹ̀lú òtítọ́, tí ó sì rí ẹni tí kò sáré tí ó gba ìgbéga níwájú rẹ̀. Ẹnì kẹrin ni ọ̀gá tí ó ń ka iye àwọn tí ó lè jà, tí kò mọ̀ pé iye èké ni òun ń kà.

Ìtàn Gídíónì nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 7 wúlò níbí. Ẹgbàá mẹ́rìndínlógún ènìyàn ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tí a ní kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà padà sílé, ẹgbàá mọ́kànlá padà. Ìdánwò etí omi sì tún dín àwọn tí ó ṣẹ́kù kù sí ọ̀ọ́dúnrún. Kò sí ẹni tí ó yí ìwé padà kí iye náà lè dùn ún gbọ́ létí. Díẹ̀ tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju ọ̀pọ̀ tí ó jẹ́ ti orí ìwé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ti san irú gbèsè yìí rí ní ojú gbogbo ayé. Ní ọdún 1989, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, FIFA, fòfin de Nàìjíríà fún ọdún 2 kúrò nínú gbogbo ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan nínú ìwé kan kò bá ti inú ìwé mìíràn mu. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991, tí àwa ni ìbá gbà lálejò, ni a gbà lọ́wọ́ wa tí a sì gbé fún ilẹ̀ Potogí. Kì í ṣe àwọn tí a yí ọjọ́ ìbí wọn padà nìkan ni ó jìyà. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ òtítọ́, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tiwọn, pàdánù ọdún méjì tí wọn kò lè rí gbà padà mọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ lálejò ní ọdún 2009, tí wọ́n sì gbá lára rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nítòsí wa níhìn-ín, FIFA mú ẹ̀rọ MRI wá láti wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà. Ayé kò gba ìwé wa gbọ́ mọ́. Egungun ni wọ́n ń bi léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ inú ìwé ṣe ń ba ìwé olóòótọ́ jẹ́.

ÌGBÉSẸ̀ TÍ Ó TỌ́ FÚN ẸNI TÍ Ọ̀RÀN NÁÀ DÉ BÁ

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo akọ̀wé kékeré kan nínú báráàkì, ọmọ Rẹ́mọ, tí ọ̀gá rẹ̀ gbé ìwé fún pé kí ó kọ pé ẹnì kan yege. Ọ̀gá náà wí pé: "Ọmọ ìlú rẹ ni. Ṣé o fẹ́ kí ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ni?" Àwọn ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé nìwọ̀nyí.

Èkíní, kí ó má fi ọwọ́ sí i. Kò nílò ìwàásù, kò sì nílò ìbínú. Ó lè fi ọ̀wọ̀ wí pé: "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Ohun tí mo rí nìkan ni mo lè kọ. Bí ẹ bá fún un ní ọjọ́ mìíràn láti tún un ṣe, èmi fúnra mi yóò bá a sáré láràárọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí kọ irọ́ náà, kò sì kọ ènìyàn náà sílẹ̀. Ìtẹríba ọmọ ogun kò dé orí àṣẹ tí ó lòdì sí òfin.

Èkejì, kí ó rí i dájú pé irọ́ ni lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe wà nínú ìṣírò, tàbí kí ọmọ ogun náà ní ìwé dókítà tí ó fún un láyè láti ṣe ìdánwò mìíràn. Nínú ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí dókítà bá dá dúró kúrò nínú eré sísá lè rìn, kí ó gun kẹ̀kẹ́ tàbí kí ó lúwẹ̀ẹ́ dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, gẹ́gẹ́ bí ìwé Lúùkù orí 3 ti sọ, ẹ̀sùn èké wà lára ohun tí ó kọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó ń gbógun ti ìwé èké kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu èké ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ó tọ́jú ohun tí ó rí. Kí ó kọ ọjọ́, àkókò, ibi àti ohun tí a sọ sínú ìwé ara rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó má yọ ìwé ìjọba kúrò ní ọ́fíìsì, kí ó má fa nǹkan kan ya, kí ó má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ "tún" ìwé èké náà ṣe. Títún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́ jẹ́ yíyí ìwé padà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹni tí ó ṣe é bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó fún un láyè láti lọ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ìlànà inú Mátíù orí 18 nìyẹn: láàrin ìwọ àti òun, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn náà níwájú ìjọ. Ṣùgbọ́n kí ó dá àkókò kúkúrú fún un. Bí a bá ti fẹ́ rán ẹni náà lọ sí ojú ogun, tàbí bí ẹni tí ó ṣe é bá jẹ́ ọ̀gá tí ó lè gbẹ̀san, kí ó má dúró pẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí òfin yàn. Ọ̀gá tí ó ga ju èyí tí ọ̀ràn kàn lọ ni ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá tì, ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà wà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kan tí ó ti wà láti ọdún 1988 sì ń dáàbò bo ọmọ ogun tí ó bá fi ẹjọ́ sùn níbẹ̀ tàbí fún aṣòfin. Nílé wa níhìn-ín, bí owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ bá ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àjọ ICPC tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2000 wà fún irú rẹ̀. Ọjà àti ilé ọtí kì í ṣe ibi ìfisùn.

Fún ọ̀gá tí a fi ẹjọ́ náà sùn, ọ̀nà tí ó dára jùlọ láti yanjú rẹ̀ ni kí ó tún ìdánwò náà ṣe ní gbangba, kí àwọn ẹlòmíràn kà á, kí ó sì jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ náà ni yóò tún un ṣe, kí ojú má bàa ti ẹnì kan ṣoṣo ṣáájú ìdájọ́. Kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun fún wọn ní àkókò ìgbáradì. Ẹgbẹ́ ogun tí kì í sáré láti oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Karùn-ún, tí a sì ń retí kí gbogbo wọn yege ní oṣù Kẹfà, irọ́ ni a ti pàṣẹ fún wọn láti mú wá.

BÍ Ó BÁ JẸ́ PÉ ÌWỌ NI Ó ṢE É

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tí ń ka ìwé yìí ti fi ọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ rántí ọ̀ràn Salisu Buhari, tí ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní oṣù Kẹfà ọdún 1999 pẹ̀lú ọjọ́ orí tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí Yunifásítì Toronto tí kò gbà. Nígbà tí ìwé ìròyìn tú àṣírí náà, ó kọ́kọ́ sẹ́. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti jẹ́wọ́ níwájú ilé, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi ipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ìjọba sì foríjì í ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bóyá ìdáríjì náà yá jù, a lè jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ìjẹ́wọ́ tí ó dé lẹ́yìn tí a ti mú ni kò ní iyì tí ìjẹ́wọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ní.

Nítorí náà, kí ẹni náà lọ ṣáájú. Kí ó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò, nítorí òfin fún un ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé wíwá ìmọ̀ràn kì í ṣe àbòsí. Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ ohun tí ó ṣe láìdi ẹrù rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí. Kí ó béèrè láti tún ìdánwò náà ṣe. Bí ìgbéga tàbí owó kan bá ti ti inú irọ́ náà wá, kí ó múra láti dá a padà bí Sákéù ti ṣe. Ó lè pàdánù ipò. Ó lè pàdánù iṣẹ́ pẹ̀lú. A kò gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún un pé òtítọ́ kò ní ná an ní nǹkan kan.

FÚN ÀWỌN ÀLÙFÁÀ ÀTI ÀWỌN ÒBÍ

Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni yóò kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ àlùfáà lọ. Nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí ọmọ ogun bá sọ fún àlùfáà ológun gẹ́gẹ́ bí ìjẹ́wọ́ jẹ́ àṣírí tí òfin bò, a kò sì lè fi ipá mú àlùfáà láti tú u. Àlùfáà ilé náà gbọ́dọ̀ pa àṣírí mọ́. Ṣùgbọ́n pípa àṣírí mọ́ kò túmọ̀ sí pé kí a sọ fún ọmọ náà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ó máa gbàdúrà. Iṣẹ́ wa ni láti bá a rìn títí yóò fi ní agbára láti ṣe ohun tí ó tọ́, kí a sì dúró tì í lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe é, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe wá ẹni ńlá tí yóò bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí ọmọ yín lè yege. Bí ọmọ náà kò bá lè sáré, ẹ jẹ́ kí ó padà sílé kí ó kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tí ó kùnà ìdánwò tí ó sì wà láàyè sàn ju èyí tí ìwé gbé lọ sí ojú ogun.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ilé tiwa. Ilé-iṣẹ́ ológun fi ààlà sí ọjọ́ orí àwọn tí ó ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ìwé ìrìbọmi ti jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ọdún ti kọjá lórí rẹ̀ lè wá bá akọ̀wé ìjọ ní ọjọ́ kan, kí ó mú ẹyin àti iṣu dání, kí ó wí pé: "Bàbá, ẹ ṣàánú mi, ọdún mẹ́rin péré ni kí ẹ yọ kúrò." Ní ọjọ́ náà, kì í ṣe sójà ni a ń dán wò, àwa ni. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ó wà nínú àpótí ilé ìjọ kò yàtọ̀ sí fọ́ọ̀mù tí ó wà ní ọwọ́ akọ̀wé inú báráàkì. Bí a bá yí ọdún kan padà nínú rẹ̀, a kò ní ẹnu mọ́ láti sọ fún ọmọ wa tí ń pè lálẹ́ pé kí ó má fi ọwọ́ sí i. Bí a bá sì kọ̀, tí a dá iṣu àti ẹyin náà padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, a ó ní ohun tí a ó fi dá a lóhùn: "Ọmọ mi, ohun tí o rí ni kí o kọ. Àwa náà bẹ́ẹ̀ ni a ṣe níhìn-ín."